Kọ̀ǹpútà Inú Pálọ̀: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Wò Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀yà Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí kọ̀ǹpútà tí a ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣàn nínú pálọ̀, tí a fi wáyà so mọ́ ọn, tí tọmọdé tàgbà inú ilé fi ń wo fíìmù, tí wọ́n fi ń gbọ́ orin, tí wọ́n sì fi ń wo fọ́tò òde tí wọ́n ti ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ to irú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ máa ń dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà, ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Èwo ló lágbára jù?" Ìbéèrè yẹn ló ń jẹ́ kí èèyàn náwó síbi tí kò yẹ. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìbéèrè méjì rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì máa bi ọlọ́jà nípa gbogbo ẹ̀yà tí ẹ bá fọwọ́ kàn: wáàtì mélòó ló ń jẹ, ariwo rẹ̀ sì ti pọ̀ tó? Nílẹ̀ tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, èsì ìbéèrè méjèèjì yìí ló máa sọ bóyá ẹ ó gbádùn ẹ̀rọ náà tàbí ẹ ó kàn máa nù ún lójoojúmọ́.

Àwọn kan yóò ní, tẹlifíṣàn òde òní ti ní YouTube nínú, kí la tún ń wá kọ̀ǹpútà sí? Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bó bá jẹ́ pé fíìmù orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan lẹ fẹ́ máa wò, ẹ má wulẹ̀ náwó, tẹlifíṣàn yín tó. Kódà, Netflix kì í fi àwòrán 4K rẹ̀ hàn lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, ètò tí a ó bá pàdé níkẹyìn, bẹ́ẹ̀ ó ń fi hàn lórí tẹlifíṣàn. Ẹni tí kọ̀ǹpútà yìí wúlò fún ni ẹni tó ní fíìmù àti orin tirẹ̀ nílẹ̀, tí kò fẹ́ máa ra dátà ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ wo ohun tó ti ni tẹ́lẹ̀.

Kí ẹ tó yọjú sọ́jà rárá, ẹ lọ wo ẹ̀yìn tẹlifíṣàn yín. Ṣé 1080p ni tàbí 4K? Bó bá jẹ́ 1080p, ẹrù yín fúyẹ́, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí kọ̀ǹpútà ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn tí kò lè ṣe é. Bó bá jẹ́ 4K, ihò HDMI di ọ̀rọ̀ pàtàkì. HDMI 1.4, tó jáde ní 2009, lè gbé àwòrán 4K lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í gbé ju 30 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni pé bí ẹ bá ń fi máòsì rìn lójú rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ń fà. HDMI 2.0, tó jáde ní 2013, ló ń gbé 60. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kékeré ni kò tilẹ̀ ní HDMI, DisplayPort ni wọ́n ní. Ẹ má torí ìyẹn sá. DisplayPort 1.2 lè gbé 4K ní 60, ohun tí ẹ nílò ni adapter tó ń yí i padà sí HDMI 2.0, kí ẹ sì rí i pé "active" ni wọ́n kọ sí i lára, torí èyí tí kì í ṣe active, tó pọ̀ lọ́jà nítorí pé kò wọ́n, sábà máa ń dúró sí 30.

Ó wá kan processor, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí a fara balẹ̀ sí. Àwòrán 1080p ẹyọ kan ní píksẹ́lì tó lé ní mílíọ̀nù 2, irú àwòrán bẹ́ẹ̀ 24 tàbí 25 ló sì ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Fíìmù bẹ́ẹ̀ yóò gba àyè rẹpẹtẹ lórí dísìkì bí wọn kò bá fún un pọ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fún un. Ọ̀nà ìfúnpọ̀ tó gbòde ni H.264, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003. HEVC, tí wọ́n tún ń pè ní H.265, tẹ̀lé e ní 2013, AV1 sì dé ní 2018. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún fíìmù kéré ju ti iwájú rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni títú u sílẹ̀ ń le sí i. Àwọn tó ń ṣe processor mọ èyí, wọ́n sì fi ẹ̀yà kékeré kan sínú rẹ̀ tó jẹ́ pé fíìmù títú nìkan niṣẹ́ rẹ̀. Decoder ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ̀yà yìí bá mọ irú fíìmù tí ẹ gbé fún un, wáàtì díẹ̀ ló máa jẹ, fáànù kò sì ní í dún. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, gbogbo ara processor ni yóò dìde sí iṣẹ́ náà. Bí ìgbà tí èèyàn gbé aṣọ fún ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìránṣọ ni: yóò fọwọ́ rán an, ṣùgbọ́n yóò làágùn, aṣọ náà kò sì ní í bá ọjọ́ òde. Ohun tí ẹ máa rí lójú tẹlifíṣàn ni àwòrán tó ń dúró tó ń lọ, tí ohùn yóò sì ti ṣáájú ètè.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó ní i? Lára Intel, nọ́ńbà tó tẹ̀lé ìlà kékeré inú orúkọ rẹ̀ ló ń sọ ìran tó jẹ́. i5-6500 jẹ́ ìran kẹfà, i5-7500 jẹ́ ìran keje, i5-11400 sì jẹ́ ìran kọkànlá. Ìran kẹfà ń tú HEVC lásán, ṣùgbọ́n kò ní decoder tó pé fún HEVC 10-bit, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ni ọ̀pọ̀ fíìmù 4K máa ń jẹ́. Láti ìran keje ló ti pé. Fún AV1, ó di ìran kọkànlá. Nítorí náà, láàárín i7 ìran kẹfà àti i3 ìran keje, i3 ni kí ẹ mú. Ọlọ́jà lè wò yín bí ẹni tí kò mọ ohun tó dára, ẹ jẹ́ kó máa wò. Ẹ sì ṣọ́ra fún lẹ́tà F ní ìparí orúkọ Intel, bíi i5-9400F. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kò sí ẹ̀yà àwòrán nínú rẹ̀ rárá, ẹ ó sì tún wá ra graphics card lé e. Ti AMD tó wà fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì yàtọ̀: lára Ryzen tó ṣáájú ìran 7000, lẹ́tà G ni kí ẹ wá, torí àwọn tó ní G ló ní ẹ̀yà àwòrán nínú.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tuntun, mo lè sọ láìfòyà pé Intel N100, tó jáde ní 2023, tó fún iṣẹ́ yìí. Wáàtì 6 ni wọ́n ṣe é mọ́, ó ń tú HEVC 10-bit, ó ń tú AV1, wọ́n sì ń tà á nínú àpótí kékeré tí ẹ lè fi pamọ́ sẹ́yìn tẹlifíṣàn. Bí ẹ bá ka gbogbo àpótí náà pọ̀, nǹkan bíi wáàtì 10 sí 20 ló ń jẹ bí fíìmù bá ń lọ.

Àmọ́ tòkúnbọ̀ lèmi yóò gba ọ̀pọ̀ ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ níyànjú láti kọ́kọ́ wò. Àwọn ilé-iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kékeré bíi Dell OptiPlex Micro, HP EliteDesk Mini àti Lenovo ThinkCentre Tiny. Wọ́n á lò ó fún ọdún díẹ̀, wọ́n á tà á, yóò sì balẹ̀ sí ọjà kọ̀ǹpútà Òtìgbà ní Ìkẹjà. Processor inú wọn sábà máa ń ní lẹ́tà T níparí, bíi i5-7500T, wáàtì 35 ni wọ́n sì ṣe é mọ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù lára wọn ni pé ṣájà bíi ti laptop ni wọ́n ń lò. Ẹ yí ṣájà náà padà, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ 100-240V sí i. Nígbà tí iná bá dé tó ń pọ́n bí iná àtùpà, tí fíríìjì ń kùn tí kò lè gbéra, kọ̀ǹpútà yín á ṣì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ má kàn gba ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà o. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ fi ètò VLC sórí fláàṣì kan, kí ẹ sì fi fídíò 4K kan tó jẹ́ HEVC 10-bit tì í. Fídíò kékeré tí wọ́n ṣe fún irú ìdánwò yìí wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ìsọ̀, ẹ ní kí wọ́n tan kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ ki fláàṣì bọ̀ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí fídíò náà máa lọ. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀. Ojú ìwé kan máa ṣí tí yóò fi iṣẹ́ tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń ṣe hàn yín. Ẹ lọ síbi GPU, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Video Decode sí. Bí ìlà ibẹ̀ bá gòkè, tí CPU sì wà nísàlẹ̀, bóyá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, decoder ló ń ṣiṣẹ́. Bí Video Decode bá wà ní òdo, tí CPU wà ní 90, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́jà, kí ẹ kọjá sí ìsọ̀ kejì. Ẹ jẹ́ kí fídíò náà lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán, kí ẹ fetí sí fáànù. Bó bá ń hó, ó lè jẹ́ pé thermal paste tó wà láàárín processor àti irin tó ń tù ú ti gbẹ. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn ńlá, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fi ra tuntun, ṣùgbọ́n ẹ lè fi yọ nínú owó ọjà.

Ẹ mọ̀ pé Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní oṣù kẹwàá 2025, Windows 11 kò sì gba ìran keje Intel wọlé. Fún iṣẹ́ pálọ̀, kò dí wa lọ́wọ́, ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ iná, torí òun ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé jù. Ẹ gbà pé ẹ ń wo fíìmù wákàtí márùn-ún lójúmọ́. Kọ̀ǹpútà tó ń jẹ wáàtì 15 yóò jẹ yúníìtì méjì àti díẹ̀ lóṣù. Èyí tó ní graphics card ńlá, tó ń jẹ wáàtì 80 bó tilẹ̀ jẹ́ pé fíìmù lásán ló ń ṣe, yóò jẹ yúníìtì 12. Owó ìyẹn lè má dun yín. Ẹ gbé e bọ́ sórí ínfátà nísinsìnyí. Bátìrì 12V tó jẹ́ 200Ah ní wáàtì-wákàtí 2,400 nínú, bó bá sì jẹ́ bátìrì olómi tàbí ti jẹ́ẹ̀lì, ìdajì rẹ̀ ló yẹ kí ẹ lò kó má bàa tètè kú, ìyẹn 1,200. Bí tẹlifíṣàn bá jẹ wáàtì 80, tí kọ̀ǹpútà jẹ 15, ẹ ó wò ó fún bíi wákàtí 12. Bí kọ̀ǹpútà náà bá jẹ 80, wákàtí méje àti ààbọ̀ ni. Mi ò tíì yọ èyí tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ. Wákàtí tó lé ní mẹ́rin ló bọ́ sọnù yẹn, ẹ kò sì rí àwòrán tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ gbà dípò rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ to tirẹ̀, tó fẹ́ ra motherboard lọ́tọ̀, tó fẹ́ ra case lọ́tọ̀, kó wá èyí tí wọ́n ń pè ní mini-ITX, tí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ sẹ̀ntímítà 17 sí 17. Power supply wáàtì 300 ti pọ̀ tó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta 650 fún yín. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ àfi tó bá ṣẹlẹ̀ sí wọn. Power supply tó dára máa ń ní active PFC, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì fara mọ́ ínfátà olówó pọ́ọ́kú tí kì í ṣe pure sine wave. Bí iná bá ti lọ, tí ínfátà gbà á, kọ̀ǹpútà á kú fin-ín. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára ínfátà yín kí ẹ tó ra power supply. Bí ẹ kò bá ní ínfátà, UPS kékeré yóò gbé ẹ̀rọ oníwáàtì 15 fún àkókò tó pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, yóò sì gba háàdì dísìkì lọ́wọ́ ìkúlójijì.

Ní ti ariwo, fáànù ńlá tó ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ ló dára ju fáànù kékeré tó ń sáré lọ. Oní-sẹ̀ntímítà 12 lè fẹ́ atẹ́gùn tó pọ̀ tí ẹ kò sì ní í gbọ́ ọ, oní-sẹ̀ntímítà 4 á máa han bí ẹ̀fọn. Ẹ má ti kọ̀ǹpútà náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì nítorí ẹwà. Nígbà ọyẹ́, eruku ń di ihò rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fẹ́ eruku náà dànù, ẹ fi ìka di abẹ́ fáànù mú kó má yí, torí atẹ́gùn líle lè yí i kọjá agbára rẹ̀ kí ó sì bà á jẹ́.

RAM kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: 8GB tó. Bí ẹ bá lè rí 4GB méjì, ó sàn ju 8GB ẹyọ kan lọ, nítorí ẹ̀yà àwòrán inú processor ń yá RAM lò.

Ibi ìkópamọ́ ni kí ẹ fi owó tó bá ṣẹ́kù sí. SSD kékeré, 120GB tàbí 250GB, ni kí ètò kọ̀ǹpútà wà lórí rẹ̀. Kì í dún, kò sì ní ohun tó ń yí nínú. Bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀, ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ CrystalDiskInfo, ó máa sọ iye wákàtí tí SSD náà ti lò àti bí ìlera rẹ̀ ṣe rí. Fíìmù ní tirẹ̀, ẹ kó o sí háàdì dísìkì tí ìyípo rẹ̀ jẹ́ 5400, kò fi bẹ́ẹ̀ ní ariwo bíi ti 7200. Ẹ ra méjì, kì í ṣe ọ̀kan ńlá. Èkejì yóò máa gba ẹ̀dà ohun tó wà nínú èkíní, kí ẹ sì gbé e sí yàrá mìíràn.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ibi ìkópamọ́ ni àwọn VCD tó wà nílé yín. Nígbà tí fíìmù Ti Olúwa Nilẹ̀ ti Túndé Kèlání jáde ní 1993, kásẹ́ẹ̀tì VHS ló wà lóde. Lẹ́yìn náà ni VCD gba gbogbo ọjà fíìmù ní Ìdúmọ̀tà, tó sì wọ ilé gbogbo wa. Dísìkì VCD kan kì í gbà ju ìṣẹ́jú 74 sí 80 lọ, ohun tó jẹ́ kí fíìmù kan di dísìkì méjì nìyẹn. Wọ́n ti ń họ, wọ́n ti ń bó, ẹ̀rọ tó ń gbé wọn sì ti di ohun tí à ń wá kiri. Ẹ wá DVD drive tó ń lo USB, tòkúnbọ̀ rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ ki VCD bọ̀ ọ́, ẹ ṣí àpò tí wọ́n kọ MPEGAV sí, ẹ ó rí fáìlì tó parí pẹ̀lú DAT. Fíìmù náà nìyẹn, ẹ dà á kọ, kò sí idán kankan níbẹ̀. Fíìmù onídísìkì méjì kì í sábà ju 1.5GB lọ, èyí túmọ̀ sí pé háàdì dísìkì 1TB yóò gba irú rẹ̀ tó lé ní 600. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí fídíò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú àwọn òbí yín. Fíìmù ọjà, ẹlòmíràn lè ní i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ohùn bàbá yín lórí dísìkì yẹn lè máà sí níbòmíràn láyé.

Ohùn: wáyà HDMI kan náà tó ń gbé àwòrán ló ń gbé e, ẹ kò nílò sound card. Bí ẹ bá ní home theatre onísípíkà mẹ́fà, tó ní ihò HDMI, ẹ gba ibẹ̀ kọjá lọ sí tẹlifíṣàn. Wáyà optical náà ń gbé Dolby Digital àti DTS onísípíkà mẹ́fà.

Rimóòtì tẹlifíṣàn kì í sábà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Kíbọ́ọ̀dù kékeré aláìníwáyà tó ní ibi ìfọwọ́rà lára ló rọrùn jù, tàbí kí ẹ fi Kore, ètò rimóòtì fún Kodi tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, sórí fóònù Android yín. Ẹ ro ti màmá tó wà nílé nígbà tí ẹ bá ń yàn án, kí ó lè dá fíìmù rẹ̀ ṣí láìké sí ẹnikẹ́ni.

Ètò tó ń kó gbogbo rẹ̀ jọ lójú tẹlifíṣàn ni Kodi. Orí Xbox ti Microsoft ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2002, wọ́n sọ ọ́ ní Kodi ní 2014, ọ̀fẹ́ sì ni. LibreELEC, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, jẹ́ Linux tí kò ní ohun mìíràn nínú ju Kodi lọ. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì, Kodi ló ń ṣí. Ìdí tí mo fi ní ọ̀rọ̀ Windows kò dí wa lọ́wọ́ nìyẹn.

Ẹ ṣe ohun kan péré nínú Kodi kí ẹ tó sọ pé ó ti parí. Fíìmù sinimá jẹ́ àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, VCD Yorùbá jẹ́ 25, kọ̀ǹpútà sì sábà máa ń fi 60 ránṣẹ́ sí tẹlifíṣàn. 24 kò pín 60 dọ́gba, 25 náà kò pín in, nítorí náà àwòrán mìíràn á pẹ́ lójú ju èkejì lọ, ẹ ó sì máa rí i tó ń ta kọ́sọ́. Ẹ lọ sí Settings, sí Player, sí Videos, kí ẹ tan Adjust display refresh rate. Láti ìgbà náà lọ, Kodi á máa yí tẹlifíṣàn sí 24 fún sinimá, sí 50, tí í ṣe ìlọ́po méjì 25, fún VCD. Ẹ wá fi fíìmù kan síbi ìparí rẹ̀, níbi tí orúkọ àwọn òṣèré ti ń gòkè. Bí orúkọ náà bá ń lọ geere láìfò, ẹ lè dé ìdérí kọ̀ǹpútà náà.